Kí Òjò Tó Ṣú: Bí Àdúgbò Ṣe Lè Múra De Ìjì àti Omíyalé ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Nígbà tí a bá pa òwe yìí, ìkìlọ̀ ni ọkàn wa sábà máa ń lọ sí, a kì í fi bẹ́ẹ̀ wo arọ tí òwe náà dárúkọ. Òun gan-an ni mo fẹ́ kí a wò. Ìmúrasílẹ̀ àdúgbò kò dá lórí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, nítorí ẹni tó lè sáré yóò sáré, yálà ẹ ṣe ètò tàbí ẹ kò ṣe é. Ẹni tí kò lè dá dìde lórí ẹní lóru ni a gbọ́dọ̀ fi ṣe òdiwọ̀n. Bí ètò yín bá lè gbé onítọ̀hún dé ibi ààbò kí omi tó wọlé, gbogbo àwọn yòókù yóò yè. Bí kò bá lè gbé e débẹ̀, ètò náà kò tíì pé.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn alága àdúgbò, àwọn màgàjí àti alángùá, àwọn baálẹ̀, àwọn ìmáàmù àti pásítọ̀, àwọn ìyálọ́jà, àwọn olórí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá lè pe ojúlé mẹ́wàá jọ kí wọ́n sì dá a lóhùn. Ìgbà ẹ̀rùn ni iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀ yẹ kó wáyé, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tí ara sì balẹ̀.

Ewu tó wà nílẹ̀ wa

Òjò Ìlọrin sábà máa ń fìdí múlẹ̀ ní oṣù Kẹrin, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, ó sì máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá. Ewu ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò jọ ewu ìparí rẹ̀. Láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ìjì ni ọ̀tá tó le jù: ooru á mú, afẹ́fẹ́ á dákẹ́ jẹ́ẹ́, ojú ọ̀run á ṣú dẹ̀dẹ̀ láti apá ìlà-oòrùn, kí èèyàn sì tó wí kó tó fọ̀, eruku á ti gba òde kan, páànù á ti máa fò. Nígbà tó bá di oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, ilẹ̀ ti mu omi yó, kò lè gba òmíràn mọ́, odò sì ti kún dé etí, tí ó fi jẹ́ pé òjò wákàtí méjì péré lè sọ òpópónà di odò. Nínú ẹ̀rùn, pàápàá nígbà ọyẹ́, iná ìgbẹ́ ni ó máa ń dààmú àwọn ará oko ní gúúsù Kwara.

Odò Asà ń ṣàn láti gúúsù lọ sí àríwá, ó sì la Ìlọrin sí méjì. Àwọn odò kéékèèké bíi Àlùkò àti Àgbà ń kó omi ìgboro wá fún un, Dáàmù Asà sì wà ní apá òkè rẹ̀. Ìdí nìyí tí omi fi lè dé bá ará etí odò ní Àmílẹ́ńgbẹ́ nígbà tí òjò kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ lágbègbè rẹ̀, torí pé òjò tó rọ̀ lókè ni ó ń bá a. Ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Ẹrin-Ilé, Ìgbájà àti àwọn ìlú tó tẹ̀lé wọn dé ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì (ti Kwara) àti Òkè-Ẹ̀rọ́, ìjì tó ń ṣí òrùlé àti àgbàrá tó ń ti orí òkè gbẹ́ ilẹ̀ bọ̀ ni àníyàn tó pọ̀ jù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ níbí. Omíyalé ọdún 2012 pa èèyàn 363 ní Nàìjíríà, ó sì lé èèyàn mílíọ̀nù 2.1 kúrò nílé wọn, gẹ́gẹ́ bí NEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, ti kà á. Ti ọdún 2022 pa ju 600 lọ. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025, omi ya wọ ìlú Mọ́kwá ní Ìpínlẹ̀ Niger nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì wà lójú oorun, ó sì gba ẹ̀mí tó lé ní 200. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ kọjá lórí afárá Jẹ́bà mọ̀ pé Mọ́kwá kò jìnnà sí wa.

Ẹ kọ́kọ́ ka orí

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò gba owó. Ìwé kan, bírò kan àti èèyàn méjì tí àdúgbò fọkàn tán ló gbà, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ obìnrin, nítorí pé ilé ẹlẹ́hàá wà láàárín wa tí ọkùnrin àjèjì kò lè wọ̀ dé inú yàrá tí aláìsàn dùbúlẹ̀ sí. Kí wọ́n máa lọ láti ojúlé dé ojúlé. Iye èèyàn tó ń sùn nínú ilé náà lálẹ́ ni kí wọ́n kọ sílẹ̀, kì í ṣe iye àwọn tó ń jẹ́ orúkọ agbo ilé náà. Ọmọ ilé tó wà ní Èkó kò nílò kí a gbé e jáde nínú omi, ṣùgbọ́n ayálégbé tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ nílò rẹ̀. Àwọn méjì kan wà tí a sábà máa ń gbàgbé láti kà ní Ìlọrin: àwọn ọmọ kéwú tó ń sùn ní ilé àfáà wọn, tí wọ́n lè pọ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó gba yàrá ní agbègbè bíi Tánkẹ́, tí àwọn ará àdúgbò kì í fi bẹ́ẹ̀ kà mọ́ ara wọn.

Lẹ́yìn iye orí, ìbéèrè tó kàn ni pé: ta ni kò lè dá jáde nínú ilé yìí? Ẹ kọ orúkọ arúgbó, aboyún tó ti wọ oṣù rẹ̀, abiyamọ tó bí ìbejì, afọ́jú, ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, àti adití tí kò ní gbọ́ ariwo kankan. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn, ẹ yan aládùúgbò méjì tó ń gbé nítòsí débi tí wọ́n lè gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó máa ń wà nílé lọ́sàn-án, kí èkejì jẹ́ ẹni tó máa ń wà nílé lóru. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á lẹ́nu ara wọn níwájú onítọ̀hún, kí òun náà mọ ẹni tí yóò máa retí.

Ẹ má ṣe fi ọgbọ́n orí yín pinnu fún un. Nígbà tí àwa ń ka tiwa, mo bi ìyá àgbà kan ní agbo ilé wa pé, "Ìyá, bí omi bá dé lóru, ibo lẹ máa gbà jáde?" Mo rò pé ẹnu ọ̀nà iwájú ni yóò sọ, nítorí òun ló kọjú sí títì. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹ̀yìn ilé ni n ó gbà. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà níwájú yẹn, orúnkún mi ò gbà á mọ́." Ẹ̀yìn ilé tí ó ń wí yìí, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ńlá ni, ibẹ̀ ni omi máa ń kọ́kọ́ gbà wọlé. Ọdún mẹ́ta ni a ti ń ṣe ìpàdé àdúgbò, kò sí ẹni tó mọ èyí. A pe káfíńtà, ó kan igi ìdìmú mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn iwájú náà, kò lò ju wákàtí méjì lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá ti ń gba iwájú jáde lọ sọ́jà pàápàá.

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ẹ kọ ìwé náà sí: ọ̀kan lọ́dọ̀ alága àdúgbò, ọ̀kan ní mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan ní ilé kan tí ó wà lórí òkè tí omi kò lè dé. Ẹ tún un kà lọ́dọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ojú àgbàrá

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Kí onílé tó lè kọ̀ fún un, ó yẹ kó mọ bí omi náà ti pọ̀ tó. Ìṣirò rẹ̀ rọrùn: òjò mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà omi kan. Ilé tí òrùlé rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 10 níbùú àti mítà 10 lóròó yóò da lítà 5,000 sílẹ̀ bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀, èyí tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 igba. Òpópónà tí ó ní ogójì irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò rí ẹgbàárin kẹ́ẹ̀gì, láti orí páànù nìkan. Nígbà àtijọ́, àgbàlá oníyẹ̀pẹ̀ máa ń fa púpọ̀ nínú omi yìí mu. Lónìí, a ti fi sìmẹ́ǹtì lé gbogbo àgbàlá láti fẹ́ńsì dé fẹ́ńsì, omi kò sì ní ibòmíràn láti gbà ju títì lọ. Bí ẹ bá ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ fi apá kan àgbàlá sílẹ̀ láìfi sìmẹ́ǹtì sí, ẹ gbin koríko sí i, ẹ sì gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ẹnu òrùlé. Omi tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀mù kò sí nínú gọ́tà.

Gọ́tà kíkó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í jẹ́ iṣẹ́ àjọṣe wa. Àwọn baba wa ní ọ̀wẹ̀ àti àáró, bí wọ́n ṣe ń fi í bo òrùlé ni wọ́n ń fi í ro oko. Ẹ lò ó. Ẹ fi okùn wọn gígùn gọ́tà, kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan mọ ìwọ̀n tirẹ̀, kí ẹ sì yan ọjọ́ méjì lọ́dún: ọ̀kan ní oṣù Kẹta, èkejì nígbà tí òjò bá sinmi ní oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ àdúgbò kì í rántí, bẹ́ẹ̀ ni òun ló ṣe pàtàkì jù, nítorí pé iyanrìn àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí òjò oṣù mẹ́rin ti kó jọ ni yóò dí ọ̀nà mọ́ òjò oṣù Kẹsàn-án. Láti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti máa kó o lọ sókè. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ẹ ń fi ìdọ̀tí àti omi ránṣẹ́ sí àwọn ará ìsàlẹ̀ tí ọ̀nà tiwọn kò tíì là ni. Abẹ́ afárá kéékèèké tí títì gbà kọjá ni kí ẹ kọ́kọ́ fi òye wò, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ka igi àti ọ̀rá máa ń há sí.

Ohun tí ẹ bá kó jáde kò gbọdọ̀ sùn létí gọ́tà mọ́jú. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ fi gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ṣiṣẹ́, tí wọ́n kó ẹrẹ̀ jọ gègèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí òjò alẹ́ ọjọ́ náà sì dá gbogbo rẹ̀ padà síbi tó ti wá. Ẹ ti háyà ọkọ̀ tí yóò kó o kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì.

Ilé tó wà lójú àgbàrá gan-an jẹ́ ọ̀rọ̀ tó nira, nítorí ẹni tó kọ́ ọ síbẹ̀ kì í sábà ní ilẹ̀ míràn. Ẹ má fi ìbínú sọ ọ́. Ohun tí agbára lè ká ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: kí ẹ gbé ẹnu ọ̀nà ga, kí ẹ rẹ́ sìmẹ́ǹtì mọ́ ìdí ògiri bí ó bá jẹ́ ilé alámọ̀, kí ẹ gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì iná mànàmáná sókè ju ibi tí omi ti dé rí lọ, kí onílé sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí ìkìlọ̀ yóò kàn. Ní etí odò, ẹ má ṣe gé oparun àti igi tó wà níbẹ̀. Gbòǹgbò wọn ló ń di ilẹ̀ mú.

Òrùlé

Lẹ́yìn ìjì kan, mo gbé páànù kan tó já bọ́ sí àgbàlá wa láti ilé kejì. Mo yí i padà. Gbogbo ìṣó rẹ̀ ló ṣì wà lára rẹ̀, igi tí wọ́n kàn án mọ́ náà sì ṣì wà níbẹ̀ ní odindi, ó gùn tó mítà mẹ́ta. Kò sí ìṣó tó yọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé káfíńtà kan páànù mọ́ igi dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó so igi náà mọ́ ògiri. Ó kàn gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù ni, afẹ́fẹ́ sì gbé gbogbo rẹ̀ bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnì kan gun inú àjà lọ ní ọ̀sán, kó wo ibi tí igi òrùlé ti pàdé ògiri. Bí kò bá rí irin tàbí wáyà tó di méjèèjì pọ̀, òrùlé náà kò ní ohun tó dì í mú ju ìwúwo ara rẹ̀ lọ. Fún ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, kí bíríkìlà ri irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú búlọ́ọ̀kù láti ìlà méjì sí ìsàlẹ̀ kí ògiri tó parí, kí ó jẹ́ kí orí irin náà yọ síta, kí káfíńtà sì tẹ̀ ẹ́ yí igi ká. Fún ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀, ẹ lè lu ihò sí ògiri, kí ẹ fi wáyà tí wọ́n fi ń di irin so igi mọ́ ọn ní ìlọ́po mélòó kan. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó páànù tuntun.

Etí òrùlé, igun rẹ̀ àti ténté orí rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń fà jù, nítorí náà ìṣó gbọdọ̀ sún mọ́ra níbẹ̀ ju àárín lọ, kó sì jẹ́ ìṣó páànù tó ní fìlà. Ẹnu òrùlé tó bá yọ jáde jù dà bí apá tí ẹ nà fún afẹ́fẹ́ láti dì mú. Kí ó má ju nǹkan bí ìdajì mítà lọ. Òrùlé tó dà sí ọ̀nà mẹ́rin máa ń gba ìjì mọ́ra ju èyí tó dà sí ọ̀nà méjì lọ. Bí ìjì bá ń bọ̀, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé, torí afẹ́fẹ́ tó bá rọ́nà wọlé yóò máa ti òrùlé láti inú nígbà tí ti òde ń fà á. Òkúta àti táyà tí àwọn kan ń gbé lé orí páànù kì í ṣe ààbò. Bí páànù bá ṣí, òkúta náà yóò já lu ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí fún ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò kí ẹ tó ṣe é fún ilé ara yín. Ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni ìjì sábà máa ń jà, nígbà tí àwọn ọmọ lè ṣì wà ní kíláàsì. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó ti gbẹ tó sì na ara rẹ̀ sórí ilé, ṣùgbọ́n ẹ má gé igi náà láti ìdí. Igi máńgòrò àti dóńgóyárò tó bá jìnnà sí ilé díẹ̀ ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ afẹ́fẹ́. Bí wáyà iná bá já bọ́ sílẹ̀, kí gbogbo èèyàn jìnnà sí i tó mítà mẹ́wàá, kódà bí àwọn NẸ́PÀ kò bá tíì mú iná wá.

Òpó tó ń sọ̀rọ̀

NiMet, àjọ tó ń mójú tó ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ó sì ń sọ ti ojoojúmọ́; NIHSA, àjọ tó ń mójú tó odò, ń sọ ìjọba ìbílẹ̀ tí omíyalé lè dé. Kí ọ̀dọ́ kan tó ní fóònù àti ọ̀dọ́ kan tó ń gbọ́ rédíò gba iṣẹ́ yìí, kí wọ́n máa sọ ọ́ ní Yorùbá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ àti lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n àsọtẹ́lẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ kò lè sọ ìgbà tí omi yóò dé ẹnu ọ̀nà yín. Òpó yín ni yóò sọ ìyẹn.

Ẹ ri ọ̀pá irin tàbí òpó kọnkéré mọ́lẹ̀ létí odò, ní apá òkè àdúgbò, níbi tí èèyàn lè rí i láti òkèèrè pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi ọ̀dà funfun àti dúdú pín in ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ wá kun ún ní àwọ̀ mẹ́ta: àwọ̀ ewé nísàlẹ̀, àwọ̀ ìyeyè láàárín, pupa lókè. Ibi tí pupa yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n wà, ẹsẹ̀ ẹni tó lọ́ra jù lọ ni yóò sì pinnu rẹ̀.

Ẹ mú aago, ẹ bá onítọ̀hún rìn láti orí ẹní rẹ̀ dé ibi ààbò. Ká ní ó gba ìṣẹ́jú 25. Ẹ fi 15 kún un nítorí òkùnkùn, òjò àti ìpayà. Ó di 40. Ẹ wá lọ ṣọ́ òpó yín nígbà òjò ńlá kan, kí ẹ rí bí omi ṣe ń yára gùn ún. Bí ó bá ń gun sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a jẹ́ pé yóò gun 40 kí ẹni yìí tó dé ibi ààbò. Nítorí náà, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ibi tí omi ti máa ń kúrò nínú odò bọ́ sí ilé, ẹ ka sẹ̀ǹtímítà 40 láti ibẹ̀ sísàlẹ̀, kí pupa yín bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Bí omi bá kan ìyeyè, kí àwọn tí ẹ yàn lọ jí àwọn arúgbó, kí wọ́n wọṣọ fún wọn. Bí omi bá kan pupa, kò sí àpérò mọ́, gbogbo ilé á kúrò.

Ẹni tí yóò máa ka òpó lóru ni ọdẹ àdúgbò, nítorí òun ló ti wà lójúfò tẹ́lẹ̀. Ẹ ra aṣọ òjò fún un, ẹ sì fi nǹkan kún owó rẹ̀ lóṣù òjò. Ohùn ìkìlọ̀ gbọdọ̀ yàtọ̀ sí gbogbo ohùn tí àdúgbò ti mọ̀. Gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ó nílò iná, òjò ńlá sì sábà máa ń mú iná lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbọ́ ohùn rẹ̀ ní òru, ó lè rò pé ìpè Àsùbáà ni. Agogo irin tí wọ́n ń lù láìdáwọ́ dúró, pẹ̀lú fèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ní igun mẹ́rin, kò nílò iná. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn Fúlàní tó ń gbé ní gáà wọn, ní èdè wọn, àti sí àwọn aládùúgbò wa tó ń sọ Haúsá àti Nupé, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, pé ìtumọ̀ agogo yìí nìyí. Nọ́ńbà pàjáwìrì ti gbogbo orílẹ̀-èdè ni 112; ẹ kọ ọ́ sára ògiri ìta pẹ̀lú ọ̀dà.

Kí gbogbo èèyàn, pàápàá àwọn ọlọ́kadà àti àwọn oníkẹ̀kẹ́ Màrúwà, mọ̀ pé omi tó ń ṣàn, tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbá àgbàlagbà lẹ́sẹ̀ ṣubú. Sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọkọ̀ kékeré léfòó. 60 lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Bí ẹ kò bá rí ilẹ̀ títì mọ́, ẹ yí padà.

Ẹ dán an wò

Ìdánrawò méjì lọ́dún tó: ọ̀kan lójúmọmọ, ọ̀kan lẹ́yìn ìrun Ìṣáì nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ lu agogo náà gan-an, kí gbogbo èèyàn sì rìn dé ibi ààbò gan-an. Ìdánrawò ni yóò fi hàn yín pé kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ sá sí wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà tó ń gbé ní òdìkejì ìlú, tàbí pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kò gba kẹ̀kẹ́ arọ. Kọ́kọ́rọ́ kan gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé nítòsí. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ní àpò kan tó rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: tọ́ọ̀ṣì, oògùn tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, aṣọ ọmọ, ìwé ilé àti ìwé ẹ̀rí nínú ọ̀rá, omi mímu, gààrí díẹ̀. Owó tí ẹ óo fi ra okùn, fèrè àti ìṣó lè ti inú àjọ kékeré wá, tí ojúlé kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣooṣù, kí èèyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí i kí wọ́n tó yọ ọ́.

Fún àwọn ará oko ní gúúsù Kwara, ọ̀rọ̀ iná kò gùn: kí ọyẹ́ tó mú, ẹ ro ìlà gbalasa yí abúlé àti oko kajú ká, ẹ gbá ewé gbígbẹ inú rẹ̀ kúrò, kí baálẹ̀ sì kéde ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáná sun oko mọ́. Ní ti àrá, bí ìṣẹ́jú àáyá láàárín mànàmáná àti sísán rẹ̀ kò bá tó 30, ẹ kúrò lóko àti lábẹ́ igi, ẹ wọ ilé, kí ẹ má sì jáde títí ìdajì wákàtí yóò fi kọjá lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn.

Lẹ́yìn tí omi bá fà

Ẹ mú ìwé yín, ẹ ka orí ní ibi ààbò kí ẹ tó ka ẹrù. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ilé padà kí wọ́n tó pa suìṣì ńlá tó ń mú iná mànàmáná wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀pá yẹ igun yàrá wò nítorí ejò. Kànǹga tí omíyalé bá ti wọ̀ kò ṣeé mu bẹ́ẹ̀ mọ́, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó, torí omi tó wọ inú rẹ̀ ti gba ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kọjá. Ẹ sè é kó hó yaya kí ẹ tó mu ún. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tó ṣe déédéé etí ṣíbí àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà omi kan tí ẹ ti sè, ẹ máa fún aláìsàn mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Onígbáméjì kì í fúnni ní àyè.

Ẹ ya fọ́tò ilé tó bàjẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, kí ẹ kọ orúkọ onílé àti iye èèyàn inú rẹ̀ tì í. Nígbà tí àwọn aṣojú NEMA tàbí ti ìpínlẹ̀ bá dé, àdúgbò tí ó bá ní ìwé lọ́wọ́ ni wọ́n lè tètè ràn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ kò sì ní di ti ẹni tó pariwo jù. Ẹ fi opó, ọmọ òrukàn àti ayálégbé sí orí ìwé náà, torí àwọn ni wọ́n máa ń gbàgbé bí ẹrù bá dé.

Kí ògiri tó gbẹ, ẹ wá ibi tí ẹrẹ̀ ti fi ìlà sílẹ̀ sára rẹ̀, ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó tẹ́jú bí ẹni fi rúlà fà á. Ẹ fi ọ̀dà pupa kun ún, ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ sídìí òpó yín létí odò, ẹ bi ọdẹ léèrè iye tó kà ní òru náà, kí ẹ sì wò ó bóyá pupa rẹ̀ gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ kí òjò míràn tó dé.